Igi Tí Àwa Méjèèjì Sọ Lórúkọ

Ní ọdún tó kọjá, ọmọ mi obìnrin kọ́ mi bí mo ṣe lè máa gbé fọ́tò ewéko mi sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, sínú ẹgbẹ́ kan tí àwọn Yorùbá tó fẹ́ràn ọ̀gbìn dá sílẹ̀ níbẹ̀. Inú mi dùn. Mo ya fọ́tò òdòdó kan tó tan lẹ́nu ọ̀nà mi, mo sì kọ orúkọ rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ bí mo ṣe máa ń kọ ọ́ láti ọjọ́ yìí wá: Plumeria rubra. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í bú mi. Ẹnì kan ní ṣé fádà ni mí tí mo fi ń fọ Látìnì. Òmíràn ní ìyá arúgbó yìí kàn fẹ́ kí gbogbo ayé mọ̀ pé òun kàwé. Ẹnì kẹta, tó fi àwòrán ajá sí ibi tó yẹ kí ojú rẹ̀ wà, ní kí n lọ kọ́ Yorùbá ná. Èmi! Èmi tí bàbá mi kì í jẹ́ kí á sọ Faransé nínú ilé!

Ọmọ mi ń wo ojú mi, torí ó mọ̀ pé mi ò ní sùúrù. Ó ti rí mi rí níbi tí mo ti lé oníbàárà jáde nínú ọgbà nítorí pé ó pa sìgá rẹ̀ sínú ìkòkò òdòdó mi. Àmọ́ lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀rín ni mo rín. Ó ní, "Mọ̀mọ́, ṣé kò dùn yín ni?" Mo ní kò dùn mí rárá. Àwọn wọ̀nyí ń bú mi nítorí orúkọ tí wọn ò mọ̀. Ẹni tó bú mi tó dùn mí, tó sì ń dùn mí títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, mọ orúkọ náà dáadáa. Èmi gan-an ni mo kọ́ ọ.

Bè ni wọ́n ti tọ́ mi, àdúgbò kan ní Lomé. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi ti wá, àwo tánganran ló ń tà, ó sì fẹ́ kí èmi náà jókòó ti àwo. Ọjà kò bá mi lára mu. Oníbàárà á ní kí n dín owó kù, èmi á ní kó máa lọ. Nígbà tí bàbá mi rí i pé màá lé gbogbo oníbàárà òun tán, ó fi mí sọ́dọ̀ bàbá àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀gbìn ìjọba. Bàbá náà ní pẹpiniyẹ́ẹ̀rì létí ọ̀sà, ìyẹn ibi tí a ti ń hu igi àti òdòdó láti kékeré nínú agolo, kí á tó tà wọ́n. Ọmọ Kpalimé ni wọ́n, Faransé la sì jọ ń sọ. Bí mo ṣe ń pariwo tó, bẹ́ẹ̀ ni tiwọn ṣe rọra.

Ọjọ́ tí mo mọ ìdí tí bàbá àgbà fi ń fi Látìnì pe igi, mi ò lè gbàgbé ẹ̀. Oníbàárà wa obìnrin kan wá, ó ní òun fẹ́ lọ́ríyé. Lọ́ríyé kan wà tí wọ́n ń ju ewé rẹ̀ sínú ọbẹ̀. Òmíràn sì wà tí òdòdó rẹ̀ pupa, tó rẹwà lójú, àmọ́ májèlé ni láti ewé dé gbòǹgbò. Èyí tó wà nílẹ̀ ni mo tà fún un, mi ò bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe. Nígbà tí bàbá àgbà dé ni mo ròyìn fún wọn. Wọ́n fò sórí alùpùpù wọn, wọ́n gba ọ̀nà Hédzranawoé lọ, ọ̀dọ̀ obìnrin yẹn. Ó tó wákàtí kan kí wọ́n tó dé pẹ̀lú igi náà lórí itan wọn, tí òógùn bò wọ́n. Mo ti ń sunkún. Wọ́n ní, "Ó ti gbé ìkòkò ọbẹ̀ kaná." Wọ́n gé agolo mílíìkì, wọ́n fi ìṣó họ orúkọ sí i lára, Nerium oleander, wọ́n lu ihò sí i, wọ́n sì fi okùn so ó mọ́ igi náà lọ́rùn.

Láti ọjọ́ náà, gbogbo igi inú ọgbà wa ló ní páànù lọ́rùn. Ará Mina, Faransé, Haúsá, Ànàgó tí í ṣe àwa Yorùbá, kálukú lè máa pe igi ní ohun tó bá wù ú, àmọ́ orí páànù, orúkọ kan ni. Bàbá àgbà sì ní òfin kan tí wọn kì í fi ṣeré: igi tí a kò bá tíì fi ojú wa rí òdòdó rẹ̀, a kì í gé páànù fún un. Ẹ lè ṣí ìwé, ẹ lè fi ewé wé ewé, ó lè dá yín lójú. Títí tó fi máa tan, ẹ gbé orúkọ náà sẹ́nu yín, ẹ má kọ ọ́.

Nígbà tí ara wọn kò gba iṣẹ́ mọ́, tí wọ́n padà sí Kpalimé, wọ́n fi ọgbà náà sílẹ̀ fún mi pẹ̀lú ìwé wọn tí èèpo rẹ̀ ti ya. Iṣẹ́ náà sì pọ̀ jù fún ẹnì kan. Mo wá lọ mú ọ̀rẹ́ mi.

Inú ṣọ́ọ̀ṣì kan náà la dàgbà sí, òun àti èmi. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni àwọn òbí tirẹ̀, télọ̀ ni bàbá rẹ̀. Àti kékeré la ti ń pe ara wa ní "ẹnìkejì mi," débi pé àwọn ọmọdé àdúgbò rò pé orúkọ tí wọ́n sọ wá nìyẹn. Ó fẹ́ tíṣà kan, èmi fẹ́ mẹkáníìkì kan, kò sì sí ọ̀sẹ̀ tí a kò rí ara wa. Mo kọ́ ọ ní orúkọ àwọn igi lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí n má purọ́, orí rẹ̀ pé ju tèmi lọ. Bí a bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìsinmi, màá nawọ́ sí igi kan lójú títì, màá ní, "Ẹnìkejì mi, kí nìyẹn?" Òun á ní, "Terminalia catappa!" Òun náà á nawọ́ sí òmíràn. Àwọn ẹlẹ́sìn tó ń kọjá á máa wò wá bí ẹni tí ẹ̀mí bà lé. A rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dùn wá.

Ẹ̀yin tí ẹ rí ìgbà wàhálà òṣèlú yẹn ní Lomé mọ̀ ọ́n, n ò ní láti ròyìn rẹ̀ púpọ̀. Àwọn ènìyàn ní àwọn fẹ́ ìjọba àwa-ara-wa, àwọn tó wà lórí oyè ní àwọn ò lọ. Sọ́jà wà lójú títì, òkú sì ń sùn. Bè ni ó gbóná jù, torí àwọn ọ̀dọ́ Bè kì í gbà. Ọkọ ọ̀rẹ́ mi wà lára àwọn tó ń kọ ìwé pélébé tí wọ́n ń pín kiri, èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní tíráàtì. Tíráàtì lo máa bá lábẹ́ ilẹ̀kùn láàárọ̀, kò ní sí orúkọ ẹni tó kọ ọ́, á sì bú ẹni tó bá fẹ́ bú. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí rò pé orí fóònù ni ìwà yẹn ti bẹ̀rẹ̀.

Kí wàhálà tó bẹ̀rẹ̀, ìyàwó ènìyàn ńlá kan nínú ìjọba ti ránṣẹ́ sí wa. Ó kó irúgbìn kan bọ̀ láti ìrìn-àjò, nínú àpò ìwé, ó ní igi tí òdòdó rẹ̀ ní àwọ̀ àlùkò ni, òun ò mọ orúkọ rẹ̀, òun ṣáà fẹ́ mẹ́rin lẹ́nu géètì òun. A fi omi gbígbóná rẹ irúgbìn náà kí èèpo rẹ̀ lè rọ̀. Ó hù, ewé rẹ̀ wẹ́wẹ́ bí ìyẹ́ ẹyẹ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọ̀rẹ́ mi ṣí ìwé bàbá àgbà, ó fi ìka lé àwòrán kan, ó pariwo, "Ẹnìkejì mi, mo ti rí i! Jacaranda mimosifolia!" Ewé bá ewé mu, àwọ̀ òdòdó bá ohun tí ìyàwó ènìyàn ńlá wí mu. A dì mọ́ ara wa, à ń fò sókè bí ọmọ ọdún méje. A kò gé páànù o. Òfin ni òfin. A gbé orúkọ náà sẹ́nu, à ń retí ọjọ́ tí yóò tan.

Lẹ́yìn náà ni girẹ́ẹ̀fù wọlé, ìdáṣẹ́sílẹ̀ tó gùn tí kò fẹ́ tán. Ọjà tì, báńkì tì, ilé ẹ̀kọ́ tì. Ta ló máa ra òdòdó? Òjò sì bẹ̀rẹ̀, gbòǹgbò àwọn igi mẹ́rin yẹn ti ń lọ́ po nínú agolo. Ìyàwó ènìyàn ńlá ránṣẹ́ pé kí á wá gbìn wọ́n. Ọ̀rẹ́ mi ní kí á má lọ, pé àwọn ènìyàn á rí wa. Èmi ni mo taku. Mo ní igi ò mọ òṣèlú, mo ní tó bá fi oṣù kan sí i nínú agolo, ó kú nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni mo wí, kò sí ẹni tó fi ọ̀rọ̀ sí mi lẹ́nu. Ó mí kanlẹ̀, ó gbé ọkọ́ rẹ̀. A jọ lọ, a jọ gbẹ́ ihò mẹ́rin, a jọ gbìn wọ́n. Wọ́n bu ìrẹsì fún wa, a pín in sí méjì, a sì jọ gbé e wálé lábẹ́ aṣọ torí ebi ń pa ilé kálukú.

Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn ọ̀dọ́ wá. Àárọ̀ ni, mo ń bomi rin àwọn òdòdó lọ́wọ́. Wọ́n tó ogún. Mo mọ ìyá àwọn kan nínú wọn. Ọ̀kan mú bébà lọ́wọ́, ó ní, "Ànàgó, ìwọ lò ń gbin òdòdó fún àwọn tó ń pa wá?" Mo ní kí ló ń sọ. Ó ní orúkọ mi ló wà nínú tíráàtì yìí, pé mo ń jẹ ìrẹsì wọn, pé kí ni mò ń sọ fún wọn tí mo bá débẹ̀. Ẹ̀mí mi gbóná. Mo ní kó dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ kó bèèrè ẹni tó gbé e pọ̀n nígbà tí ìyá náà ń ṣàìsàn. Ká ní mo pa ẹnu mọ́ ni, bóyá ì bá dẹrùn díẹ̀. Wọn ò fọwọ́ kàn mí. Ọgbà ni wọ́n kọjú sí. Wọ́n da agolo nù, wọ́n tẹ àwọn ọmọ igi mọ́lẹ̀, wọ́n fa àwọn páànù já, wọ́n ń jù wọ́n sínú ọ̀sà. Ọ̀kan nínú wọn ka ohun tó wà lára páànù kan fún àwọn yòókù, ó ní orúkọ àwọn tí mo ti tà fún ìjọba ló wà níbẹ̀, ní èdè àṣírí. Ixora coccinea ni. Mo wo iṣẹ́ ọdún méjìlá tó lọ kí n tó lè nu omi ojú mi.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, ta ni ó kọ́kọ́ dé? Ẹnìkejì mi. Ó sáré wọlé, ó káwọ́ lérí, ó dì mọ́ mi, ó sunkún jù mí lọ. Ó ní, "Ẹnìkejì mi, ta ló ṣe irú èyí sí wa?" Sí wa. Ó wọ inú omi ọ̀sà dé orúnkún, ó ń ṣa àwọn páànù fún mi, ó ń nu ẹrẹ̀ ara wọn mọ́ aṣọ rẹ̀. Mo ní lọ́kàn mi pé bí mo bá pàdánù ohun gbogbo ní Bè, mi ò pàdánù ènìyàn. Nígbà tí oòrùn mú, ó ní òun fẹ́ lọ wo àwọn ọmọ òun. Ó fi ẹnu ko iwájú orí mi.

Lẹ́yìn tó lọ ni mo rí ẹ̀dà tíráàtì kan lórí erùpẹ̀, tí wọ́n ti tẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo jókòó sórí agolo, mo kà á. Orúkọ mi àti ti bàbá mi ló wà lókè. Lẹ́yìn náà ni ó kọ pé nígbà tí àwọn ìyá Bè ń sunkún ọmọ wọn, obìnrin Ànàgó yìí lọ gbin Jacaranda mimosifolia sẹ́nu géètì àwọn apànìyàn.

Mo tún un kà. Orúkọ yẹn kò sí lórí páànù kankan, a kò gé páànù fún un. Ìyàwó ènìyàn ńlá alára kò mọ̀ ọ́n. Bàbá àgbà ti lọ sí Kpalimé kí irúgbìn náà tó dé. Ní gbogbo Bè, ẹnu méjì péré ni orúkọ yẹn ti jáde rí. Ẹnu mi, àti ẹnu tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kan iwájú orí mi tán.

Mo dìde, mi ò wọ bàtà. Mo sá dé ilé rẹ̀. Àgádágodo wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ìyá Mina tó ń gbé ní yàrá kejì ní wọ́n ti di ẹrù láti àná, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ni, ọkọ, ìyàwó àtọmọ, wọ́n gba ọ̀nà Kutọnu bí gbogbo ènìyàn ṣe ń sá lọ. Láti àná! Ẹ gbọ́ mi yé o. Ó ti di ẹrù kí ó tó wá sunkún sí mi lọ́rùn. Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yẹn, mo fi gbogbo orúkọ burúkú tó wà ní Yorùbá pè é, mo tún fi ti Mina kún un. Ìyá náà fún mi lómi mu, ó ní kí n máa lọ sílé kí ẹlòmíràn tó rí mi.

Mo mọ ìdí rẹ̀, tàbí kí n sọ pé mo rò pé mo mọ̀ ọ́n. Ẹnì kan ti rí obìnrin méjì tó gbé ọkọ́ jáde nílé ènìyàn ńlá yẹn. Ìyàwó ẹni tó ń kọ tíráàtì ni ọ̀kan. Òun àti ọkọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ pé obìnrin kan ṣoṣo ló lọ, kí wọ́n sì dárúkọ rẹ̀. Mo lóye ẹ̀rù. Ẹ̀rù ba èmi náà. Àmọ́ ì bá ti ní kí n sá. Ì bá ti wí fún mi lọ́jọ́ kan ṣáájú, kí n gbé ìwé bàbá àgbà àti ọmọ igi mélòó kan pamọ́. Èyí gan-an ni mi ò lè gbé mì.

Èmi náà sá. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo lọ, níbi tí wọ́n ti ń pè mí ní ará Tógò, tí mi ò sì mọ ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ìlú rọlẹ̀ tí mo padà, ẹlòmíràn ti kọ́ ṣọ́ọ̀bù sórí ilẹ̀ ọgbà mi létí ọ̀sà. Mo wá ilẹ̀ sí Légbassito lẹ́yìn ìlú, mo bẹ̀rẹ̀ láti orí agolo kan. Mo ń bèèrè ẹnìkejì mi lọ́wọ́ àwọn tó ń ti Kutọnu bọ̀. Àwọn kan ní ó wà níbẹ̀, àwọn kan ní ó ti kọjá sí Èkó. Kò ránṣẹ́ sí mi. Kò tilẹ̀ ránṣẹ́ kí mi nígbà tí bàbá mi kú.

Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, iṣẹ́ gbé mi gba iwájú ilé ènìyàn ńlá yẹn. Igi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti ga ju ògiri lọ, wọ́n sì ti tan. Yẹ́lò! Yẹ́lò báláú, láti òkè délẹ̀. Kì í ṣe jakaranda rárá. Peltophorum pterocarpum ni, tí àwọn kan ń pè ní fulambọyáǹ yẹ́lò. Ìyàwó ènìyàn ńlá ṣì í, ọ̀rẹ́ mi ṣì í, èmi náà ṣì í. Ó yẹ kí omi gbígbóná yẹn ti kọ́ wa lọ́gbọ́n, torí irúgbìn jakaranda kì í fẹ́ ẹ. Mo rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín fi di ẹkún, gáàdì ẹnu géètì bi mí bóyá ara mi le. Wọ́n ba ayé mi jẹ́ ní Bè nítorí igi tí kò sí níbẹ̀. Mo ṣa èso rẹ̀ díẹ̀ nílẹ̀, mo gbìn ín, ó hù, ó sì tan ní ọgbà mi. Lọ́jọ́ tó tan ni mo gé páànù fún un.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ní oṣù tó kọjá, mo ya fọ́tò ọmọ igi yẹn kan nínú agolo, ewé lásán, pẹ̀lú páànù lọ́rùn rẹ̀ bí bàbá àgbà ṣe kọ́ mi. Mo kọ Peltophorum pterocarpum. Àwọn tó máa ń bú mi bú mi. Nígbà tó yá, ẹnì kan tí mi ò rí rí níbẹ̀ kọ̀wé, òdòdó ló fi sí ipò ojú, kò sí orúkọ gidi. Ó ní: "Ẹ ti ṣì í, mà. Jacaranda mimosifolia nìyí. Inú àpò ìwé ni irúgbìn rẹ̀ ti wá, omi gbígbóná la sì fi rẹ ẹ́."

Fóònù bọ́ lọ́wọ́ mi. Ọmọ mi mú un nílẹ̀, ó ní, "Mọ̀mọ́, kí ló dé?" Mo gba fóònù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ. Mo kọ tíráàtì, mo kọ ọ̀sà, mo kọ ẹrù tó ti dì láti àná, mo kọ ọ̀dàlẹ̀. Mo pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Mo tún kọ ọ́, mo tún pa á rẹ́. Ní ìkẹyìn, mo jáde sínú ọgbà, mo ya fọ́tò ìyá igi náà níbi tó ti tan, mo fi ránṣẹ́, mo kọ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Yẹ́lò ló tan. Àwa méjèèjì la ṣì í."

Mo jókòó ti fóònù yẹn bí ẹni tó ń ṣọ́ wàrà lórí iná. Nígbà tí èsì rẹ̀ dé, ó ní: "Háà! Mi ò dúró rí òdòdó rẹ̀. Má bínú, ẹnìkejì mi, mo ti ń ṣi orúkọ igi náà pè láti ọjọ́ yìí."

Mo ń retí èyí tó kù. Mo rò pé ó ń kọ ọ́ lọ́wọ́ ni. Àwọn ará ẹgbẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yìn ín. Oní-àwòrán-ajá yẹn ní irú ènìyàn tó yẹ kí á máa jẹ́ nìyí, ẹni tó bá ṣe àṣìṣe tó sì lè sọ pé kí wọ́n má bínú. Ènìyàn mẹ́rìndínlógún fi ọkàn pupa sí i. Ọmọ mi kà á, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ó dáa báyìí, ó ti bẹ̀ yín."

Bẹ́ẹ̀ ni, ó ti bẹ̀ mí nítorí igi. Mo ṣì ń ṣí fóònù yẹn láràárọ̀, mò ń wò bóyá yóò bẹ̀ mí nítorí èmi.